Ẹja méje kú mọ́jú ní pálọ̀ wa, la bá ń fura sí Mọ́mì Àgége: àṣé ọwọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi lọ̀rọ̀ wà!

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ jáde sí pálọ̀, ariwo tó pa ló sì jí mi. Mo ti rò pé olè ló gbé tẹlifíṣọ̀n lọ. Àfi ìgbà tí mo débẹ̀ tí mo rí i pé gbogbo ẹja tó wà nínú àpótí onígíláàsì wa, èyí tí wọ́n ń pè ní akueríọ̀mù, méjèèje ló ti kú. Mẹ́rin léfòó sójú omi, wọ́n dojú ikùn sókè. Àwọn mẹ́ta yòókù sùn sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ní tiẹ̀ o, omi ń hó gùdùgùdù bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé ilé ayálégbé rí l'Ékòó, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe máa ń rí. Aago mẹ́jọ ò tí ì lù tí ìyá onílé wa fi débẹ̀. Ó mi orí, ó ní ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé ikú tó ń bọ̀ wá sílé wa làwọn ẹja yẹn bá wa gbà. Ìyàwó mi ò bá a dá sí ìyẹn. Nígbà tí ìyá náà lọ tán ló fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé mo rántí pé alẹ́ àná ni Mọ́mì Àgége wá kí wa?

Àbúrò bàbá mi ni Mọ́mì Àgége. Òótọ́ ni pé ó wá. Òótọ́ sì ni pé ó dúró síwájú àpótí ẹja yẹn títí, tó ń wí pé, "Ẹja yìí mà rẹwà o! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mà ń jayé!" Ìyàwó mi ní ojú tó fi ń wò wọ́n yẹn, àtìgbà yẹn lara ti ń fu òun. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà fura. Kò sẹ́ni tó máa rí ẹja méje tó ń lúwẹ̀ẹ́ lálẹ́, tí wọ́n á sì kú papọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, tí ọkàn ẹ̀ ò ní rìn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Mọ́mì fi ń pè mí lórí fóònù tí n ò gbé e.

Bọ̀ọ̀dá ẹlẹ́ja ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Bá a ṣe ń pè é nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹja tí wọ́n ń wò ló ń tà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ. Mo lọ bá a pé mo fẹ́ ra òmíràn. Kò bi mí nípa ẹbí, kò bi mí nípa àlejò. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi mí. Ó ní ṣé iná lọ lóru ọjọ́ náà? Mo ní rárá, ọjọ́ yẹn gan-an niná ò ṣẹ́jú rárá. Ó ní ibo la gbé pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí? Mo ní ẹ̀yìn àga, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ fọ́n sí pálọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn?"

Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀fọn ló pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí Mọ́mì ṣe jáde báyìí, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ni mo gbé agolo fílíìtì, tí mo fọ́n ọn yí pálọ̀ ká, abẹ́ àga, ẹ̀yìn àga. Mo ti fèrèsé pa. A wọ yàrá lọ sùn.

Ṣé ẹ rí i, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa tá à ń sin ẹja sílé ò mọ̀ ni pé pọ́ǹpù yìí kì í dá afẹ́fẹ́ ṣe. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú yàrá ló ń fà, òun náà ló sì ń tì sínú omi, látàárọ̀ dalẹ́, láti alẹ́ dàárọ̀. Bí èéfín bá wà nínú yàrá, èéfín ló máa fà. Bí fílíìtì bá wà níbẹ̀, fílíìtì náà ló máa fà. Èròjà tó wà nínú ọ̀pọ̀ fílíìtì inú agolo, pyrethroid lorúkọ ìdílé wọn. Ara èèyàn máa ń tètè fọ́ ọ dànù, ìdí nìyẹn tá a fi lè fọ́n ọn ká sì jí láàárọ̀. Ara ẹja ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bíńtín tí kò tó nǹkan ti tó láti pa á. Èyí tí wọ́n ń dáná sí, tó máa ń rú èéfín yẹn náà, inú ìdílé kan náà lọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá.

Àtọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ di ẹ̀kọ́. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá ẹlẹ́ja tú ọ̀kan tó ti bàjẹ́ fún mi kí n rí inú ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ò pọ̀. Wáyà tí wọ́n wé róbótó bíi kọ́ìlì, òòfà kékeré tó wà lórí apá pẹlẹbẹ kan, àti rọ́bà kan tó dà bí ife kékeré. Iná mànàmáná tiwa máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ni kọ́ìlì náà ń fa òòfà, tó tún ń tì í. Apá yẹn á máa gbọ̀n, rọ́bà á máa sún kì á máa fẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gẹ́lẹ́. Awẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan ń jẹ́ kó jáde. Ariwo hùùù tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, apá tó ń gbọ̀n yẹn ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Mo ti ń rò pé àwọn afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó tó ń gòkè nínú omi yẹn lẹja ń mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú omi lókè níbi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni omi ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́síjìn tí ẹja ń lò. Iṣẹ́ tí pọ́ǹpù ń ṣe ni pé ó ń ti omi ìsàlẹ̀ wá sókè, kí gbogbo omi lè máa gba ojú ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí àpótí tó fẹ̀ fi sàn ju èyí tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, kódà bí iye omi inú àwọn méjèèjì bá dọ́gba. Abọ́ gíláàsì róbótó tó fún lẹ́nu, tí wọ́n ń lò nínú fíìmù yẹn, ẹ̀wọ̀n ló jẹ́ fún ẹja.

Ooru tiwa náà tún dá kún un. Omi tó bá tutù máa ń gba ọ́síjìn ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Bí omi bá wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà kan lè gbà tó mìlígíráàmù 9. Bó bá dé 30, kò ní ju bíi 7.5 lọ. Bẹ́ẹ̀, omi inú pálọ̀ l'Ékòó lásìkò ooru kì í jìnnà sí 30 yẹn. Ẹja goldfish tó sì wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ẹja omi tútù ni, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Ó máa ń jẹun púpọ̀, ó máa ń ṣu púpọ̀, ọ́síjìn tó ń fẹ́ náà ò kéré. Ẹ má fi wé ẹja àrọ̀ tẹ́ ẹ rí nínú abọ́ lọ́jà o. Àrọ̀ ní nǹkan lórí tó fi lè yọjú sókè kó gba afẹ́fẹ́ bíi tèmi tìẹ, òun ló jẹ́ kó lè wà nínú omi díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní betta náà lè ṣe díẹ̀ nínú irú ẹ̀. Goldfish ò lè ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tẹ́ ẹ ní. Àpótí tèmi gùn ní sẹ̀ńtímítà 60, ó fẹ̀ ní 30, omi inú ẹ̀ ga ní 35. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ara wọn di púpọ̀, 63,000 ni. Ẹ fi 1,000 pín in, ó di lítà 63. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá ẹlẹ́ja, ó ní háà, goldfish méje nínú lítà 63, ó ti pọ̀ jù. Òun fúnra ẹ̀ ló tà wọ́n fún mi o! Mo pa ìyẹn mọ́nú.

Ẹ wo ẹ̀yìn pọ́ǹpù náà, ẹ máa rí nọ́ńbà. Àkọ́kọ́ ni iná: 220 sí 240, kí 50Hz sì wà níbẹ̀. Ẹ má kó ìyẹn kéré. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan kó ọ̀kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó rẹwà bí ẹyin. Iná 120 ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa, kò pẹ́ tí òórùn jíjó fi gba ilé. Èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì wá ò níṣòro ní tiẹ̀, iná wa àti tiwọn jọra, púlọ́ọ̀gì wa náà jọra. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kọ iye lítà afẹ́fẹ́ tó ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan, àti agbára tó fi ń tì í, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ sí MPa. Agbára yìí lẹ ó fi mọ̀ bóyá ó lè débi jíjìn. Gbogbo sẹ̀ńtímítà 10 tí omi bá jìn máa ń bá afẹ́fẹ́ jìjàkadì tó 0.001 MPa. Omi tèmi tó jẹ́ 35, ó fẹ́ bíi 0.0035. Àmọ́ òkúta afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu rọ́bà náà máa ń dí i lọ́nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí agbára ẹ̀ lé dáadáa.

Ìyẹn tí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ òótọ́ o. Ẹ̀yin náà mọ ọjà wa. Ohun tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kejì ni pé mo ní kí wọ́n bu omi sínú korobá tó jìn tó àpótí mi, mo ki rọ́bà àti òkúta ẹ̀ bọ ìsàlẹ̀, mo ní kí wọ́n tan án. Pọ́ǹpù méjì àkọ́kọ́ kàn ń ké lásán ni, afẹ́fẹ́ ò jáde. Ìkẹta ló ṣe bí ọkùnrin. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n owó mi ni. Mo tún bi í bóyá ó ní rọ́bà inú ẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, torí rọ́bà yẹn ló máa kọ́kọ́ já, ohun tó kù lè lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Pọ́ǹpù tí wọn ò bá ní rọ́bà ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì lẹ rà, ẹ má ṣe dí ẹnu kejì pa nítorí pé ẹ ò lò ó, ńṣe nìyẹn máa ń fún rọ́bà inú lọ́rùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ. Ẹ rántí pé Bọ̀ọ̀dá ẹlẹ́ja bi mí ibi tí mo gbé pọ́ǹpù sí. Ó nídìí. Ní bí oṣù kan kí àwọn ẹja tó kú, a jí lọ́jọ́ kan, kápẹ́ẹ̀tì tutù rinrin. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni mo jágbe mọ́, mo ní ó ti tọ̀ sílẹ̀. Ọmọ ń sunkún pé òun kọ́. Òun kọ́ lóòótọ́! Iná ló lọ lóru. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ inú rọ́bà ló ń ti omi sẹ́yìn. Bó bá ti dákẹ́, omi lè gun rọ́bà náà padà, tí pọ́ǹpù bá sì wà nísàlẹ̀ ju omi lọ, á máa ṣàn bọ̀ wá sílẹ̀ láìdúró. Inú pọ́ǹpù tí wáyà iná wà ló sì ń gbà kọjá. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ nìyẹn, bí iná bá dé tí ọmọdé lọ fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Ohun méjì ló ń dènà ẹ̀. Ẹ gbé pọ́ǹpù sókè ju ojú omi lọ, ẹ lè gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù tàbí kẹ́ ẹ fi kọ́. Èkejì, ẹ ra fáàfù kékeré kan tí kì í jẹ́ kómi padà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ gé rọ́bà náà lókè ojú omi, kẹ́ ẹ fi sáàárín. Kẹ́ ẹ tó fi sí i, ẹ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú méjèèjì. Ojú tí atẹ́gùn yín bá gbà kọjá, òun ló gbọ́dọ̀ kọjú sí pọ́ǹpù. Ẹlòmíì máa ń fi í sódì, á wá máa bú pọ́ǹpù pé kò ṣiṣẹ́. Mo ṣe méjèèjì, torí fáàfù náà máa ń gan tó bá pẹ́. Wáyà iná ẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó lè jẹ́ pé tí omi bá ń tọ wáyà bọ̀, ibi tó rọ̀ yẹn lá ti máa kán sílẹ̀, kò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ọ́ nínú iná pátápátá kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi.

Ti ẹja ńkọ́, nígbà tí iná ò bá sí? Bí ẹja bá kéré tí omi sì pọ̀, wákàtí díẹ̀ ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwa tá a sì máa ń kún inú àpótí bíi dánfó aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ìdájí ni wàhálà máa ń dé. Bí ẹ bá gbin ewéko sínú omi náà, lóru àwọn náà ń bá ẹja pín ọ́síjìn ni. Tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí i pé gbogbo wọn ti gòkè, tí wọ́n ń ya ẹnu, ẹ̀mí ló ń wọ́n wọn yẹn, kì í ṣe ebi. Ìyàwó mi máa ń fún wọn lóúnjẹ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yánu. Oúnjẹ yẹn gan-an tún máa ń jẹrà, á tún gba lára ọ́síjìn tó kù.

Lónìí, pọ́ǹpù tí kì í gbára lé iná nìkan ti wà káàkiri, mo sì gbà pé òun ló yẹ èèyàn tó bá ń gbé lágbègbè tiwa. Oríṣi kan wà tó ń lo òkúta tọ́ọ̀ṣì ńlá méjì, òmíì nínú wọn máa ń tan ara ẹ̀ bí iná bá lọ. Òmíì ní bátìrì tó ń gba iná sára nínú ikùn ẹ̀. Èyí tí mo lò báyìí ni èyí tó ní ẹnu USB, bíi ti fóònù, tí mo fi sára páwà báǹkì. Pọ́ǹpù kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ju wáàtì kan sí méjì lọ. Páwà báǹkì 10,000 tó bá jẹ́ ojúlówó lè gbé e ju wákàtí mẹ́wàá lọ, ìyẹn alẹ́ kan gbáko. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: àwọn páwà báǹkì kan máa ń pa ara wọn tí ohun tó ń lo iná lára wọn bá ti kéré jù, wọ́n á rò pé fóònù ti kún. Ẹ kọ́kọ́ fi wákàtí méjì dán tiyín wò lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó gbára lé e lóru. Ẹni tó bá ní ínfátà, kò níṣòro, wáàtì bíi mẹ́ta tí pọ́ǹpù tó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì ń jẹ ò jẹ́ nǹkan kan lára ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn ínfátà kan máa ń jẹ́ kó ké ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má torí ẹja gbé jẹnẹrétọ̀ sí baràńdà tàbí ìdí fèrèsé. Pọ́ǹpù á fa èéfín ẹ̀ sómi, ìyẹn kéré. Èéfín yẹn ń pa odidi ìdílé lójú oorun, kò ní òórùn tó máa jí yín.

Bí kò bá sí bátìrì, tí kò sí nǹkan kan? Ẹ ṣí ìdérí àpótí, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ mú ife, ẹ máa bu omi náà, kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè wá bíi pé ẹ̀ ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún ṣe é. Mo ti ṣe é títí di aago mẹ́ta òru rí. Apá á ro yín, ṣùgbọ́n wọ́n á yè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi omi tuntun kún un, omi ẹ̀rọ ìjọba ní kúlórín-ìnì nínú, ó yẹ kẹ́ ẹ ti pọn ọ́n sílẹ̀ láti àná. Omi bóòhó tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà náà, ọ́síjìn inú ẹ̀ sábà máa ń kéré, ẹ dà á láti inú korobá kan sí òmíì dáadáa kó tó wọlé.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le, ọ̀lẹ ni kì í jẹ́ ká ṣe é. Ẹ yí pọ́ǹpù dojú délẹ̀, ẹ máa rí ihò kan tí wọ́n fi fóòmù kékeré tàbí aṣọ dí. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Nígbà tí mo tú tèmi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, eruku ọyẹ́, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ, afẹ́fẹ́ tún le sí i. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù, lásìkò ọyẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta afẹ́fẹ́ náà máa ń dí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jáde, ẹ jù ú nù, ẹ ra òmíràn, torí òkúta tó bá ti dí ló máa ń já rọ́bà inú pọ́ǹpù. Kò sí ìdí láti dá ẹ̀mí pọ́ǹpù légbodò nítorí òkúta.

Bó bá ń ké ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ò jáde, ẹ yọ rọ́bà gígùn kúrò lẹ́nu ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka kàn án. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì yín lọ́wọ́ dáadáa, òkúta tàbí rọ́bà gígùn ló dí, pọ́ǹpù ò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń mí, rọ́bà inú ló ti ya. Sukudiráfà lásán lẹ fi máa tú u, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ nínú iná. Ẹ yọ èyí tó ya, ẹ fi tuntun sípò ẹ̀. Ẹ má ṣe fi òróró tàbí fasilíìnì pa á o, ó máa ń jẹ rọ́bà. Tó bá jẹ́ ariwo ló pọ̀ jù, ẹ wò ó bóyá ó fara kan ògiri tàbí ara àpótí, ẹ tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹ̀. Ìyàwó mi lo pátá sílípáàsì tó ti gbó, ó sì ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń lo fóòmù asẹ́, èyí tí pọ́ǹpù ń fa omi gbà inú ẹ̀ kọjá, ẹ fetí sí èyí. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan ń gbé inú fóòmù yẹn tí wọ́n ń jẹ amóníà tó ń jáde lára ẹja. Àwọn náà ń fẹ́ ọ́síjìn. Bí iná bá lọ fún odidi ọjọ́ kan, wọ́n lè kú, omi inú fóòmù á sì di májèlé. Ẹ yọ fóòmù náà, ẹ fún un dáadáa kẹ́ ẹ tó tan pọ́ǹpù padà. Inú omi tẹ́ ẹ bù látinú àpótí ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀rọ omi, kúlórín-ìnì á pa ohun rere tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fílíìtì wá ńkọ́? Ní tèmi, mi ò fọ́n ọn sí pálọ̀ mọ́, nẹ́ẹ̀tì ni mo kàn mọ́ fèrèsé. Bó bá di dandan fún yín, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi nylon bo àpótí náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fọ́n ọn, ẹ ṣí fèrèsé kí òórùn jáde tán kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ tó tan án. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn rẹ, èyí tí wọ́n máa ń pín, ẹ má gé e fi bo àpótí, ẹ má sì fi ṣe àwọ̀n tẹ́ ẹ máa fi kó ẹja. Ìdílé oògùn kan náà ni. Èmi ní láti da gbogbo omi tèmi nù, mo fọ gíláàsì àti òkúta láìlo ọṣẹ, mo sì ra rọ́bà tuntun. Ẹja mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ó wá ku ti Mọ́mì Àgége. Mo ra èso, mo lọ bá a nílé. Mo rò pé màá parọ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ ni mi ò ṣe gbé fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, ẹnu mi tú gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dópin, kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún mi. Nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́ ló ní, "Ìwọ náà gbà á gbọ́ nígbà yẹn, àbí?" Èmi ò rí ẹran inú ọbẹ̀ gbé mì.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló padà wá sílé wa. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, kò lè gbé ojú sókè. Mọ́mì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó fi gèlè bojú, ó dúró, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé kí n wo ẹja yìí, àbí kí n gba ẹ̀yìnkùlé?"